Èwo Ni Kí Fọtógíráfà Yàn? Ìfiwéra Orúkọ, Ojú Òpó, Iye Owó àti Bí A Ṣe Ń Fa Fótò Lé Oníbàárà Lọ́wọ́

Níbi òde ìgbéyàwó ní Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́jọ́ Sátidé, fọtógíráfà kì í jẹ́ ẹyọ kan. Ìdílé ìyàwó mú tiwọn wá, ìdílé ọkọ mú tiwọn wá, àwọn kan sì dúró sẹ́nu géètì tí ẹnikẹ́ni kò pè, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò kékeré àti jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń yà, tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń tà lójú ẹsẹ̀. Kámẹ́rà ọwọ́ wọn lè jẹ́ irú kan náà, ṣùgbọ́n owó tí kálukú máa gbé lọ sílé yàtọ̀ síra gidigidi. Bí oníbàárà ṣe mọ̀ wọ́n, ohùn tí wọ́n fi dá a lóhùn nígbà tó béèrè iye owó, àti ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn òde ló fa ìyàtọ̀ náà.

Mo fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà tí à ń gbà ṣe nǹkan wọ̀nyí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ lè mú èyí tó bá a mu. Kí n sọ tèmi síwájú: ẹ má yan ohunkóhun torí pé fọtógíráfà olókìkí kan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sanwó fún yín ni kí ẹ wò. Bí owó bá sì kéré, ibi fífa fótò lé oníbàárà lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí, kí ẹ tó ná an sórí lógò. Ìdí ẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ta ló ń sanwó?

Oríṣi mẹ́ta ni mo máa ń pín oníbàárà sí. Ìdílé tó ń ṣe ìnáwó ló pọ̀ jù: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, ìsìnkú àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń mú wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rẹ́ ìyàwó tàbí àǹtí kan ló júwe yín. Lẹ́yìn wọn ni ilé iṣẹ́: báǹkì, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, oníṣòwò tó fẹ́ ya ọjà rẹ̀. Ìwé ni àwọn yìí ń béèrè, akọ̀wé owó ló sì ń sanwó, kì í ṣe ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù ni ìwé ìròyìn, olórin, aránṣọ tó lórúkọ, àti àwọn tó ń ra fótò bí iṣẹ́ ọnà, irú èyí tí wọ́n ń gbé síta láti 2010 níbi LagosPhoto, àfihàn fótò tó ń wáyé ní Èkó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Nínú ìdílé, ẹni tó sanwó àti ẹni tó fẹ́ rí fótò lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Ọmọ wà ní Houston tàbí Peckham, òun ló ń fi owó ránṣẹ́. Ìyá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ló ń gba àlejò, òun ló sì máa fi fótò han ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ni, oníbàárà méjì ni.

Orúkọ yín tàbí orúkọ ilé iṣẹ́?

Kì í ṣe òní ni ọ̀nà méjèèjì ti wà. Solomon Osagie Alonge, tó ya fótò fún ààfin Ọba ìlú Benin, dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1942. Orúkọ ara rẹ̀ kò sí nínú orúkọ náà. J.D. 'Okhai Ojeikere ní tirẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fótò irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, pe sítúdíò tó dá sílẹ̀ ní 1975 ní Foto Ojeikere. Ti àkọ́kọ́ ń ṣèlérí iṣẹ́ tó pé. Ti èkejì ń ṣèlérí ènìyàn kan.

Ìlérí yẹn lẹ ó máa san gbèsè rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lára pátákó, ẹ̀yin ni wọ́n ń retí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn iye owó ni: "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bọ̀, àbí?" Bí ẹ bá rán ọmọ iṣẹ́ lọ, kó tiẹ̀ mọṣẹ́ jù yín lọ, ìdílé náà á ní wọ́n fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń lo orúkọ ilé iṣẹ́ lè pín ènìyàn sí òde mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó máa bínú, bí iṣẹ́ bá ṣáà ti dára. Ó sì lè ta ilé iṣẹ́ náà tàbí kó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún.

Ewu tó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ ni pé kì í lẹ̀ mọ́ni lórí. Ẹ wo iye Pixels, Lens, Shots, Royal àti Classic tó wà ní ìgboro. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan níbi àríyá á gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Kò sì yẹ kí ẹ fi orúkọ ara ẹni gígùn dí i: àwọn àmì ohùn kò sí nínú orúkọ Instagram, oníbàárà ò sì mọ̀ bóyá "Oluwaseyifunmi" ni kóun tẹ̀ tàbí "Oluwaseyifunmii". Ẹ gé e kúrú sí ohun tí àwọn ènìyàn ń pè yín gan-an. Tóyìn Ṣokẹfún-Bello ni TY Bello. Orúkọ kúkúrú yẹn ṣe é kọ sẹ́yìn páálí, ó ṣe é sọ lórí fóònù.

Ní ti òfin, CAMA 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti òwò ní Nàìjíríà, kò ní kí ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an ṣòwò láìfi ohunkóhun kún un lọ forúkọ òwò sílẹ̀. Kété tí ẹ bá ti fi "Photography" tàbí "Studios" kún un, ọ̀rọ̀ ti di ti CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, nìyẹn. Kódà bí òfin ò bá fi dandan lé e, ilé iṣẹ́ tó máa gbéṣẹ́ fún yín kì í fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì tí kò jẹ́ orúkọ òwò. Kí ẹ tó tẹ káàdì kankan, lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ wò ó bóyá orúkọ náà ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, lórí Instagram, àti gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ojú òpó. Bí ẹlòmíràn bá ti gbà á níbì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá òmíràn.

Ìmọ̀ràn mi: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé, kó lo orúkọ ara rẹ̀ ní kúkúrú. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ilé iṣẹ́, kó forúkọ sítúdíò sílẹ̀. Fún ìwé ìròyìn àti iṣẹ́ ọnà, orúkọ ara yín ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Wọn kì í kọ "Divine Touch Concepts" sábẹ́ fótò lára ògiri.

Instagram, WhatsApp tàbí ojú òpó tiyín?

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tó gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀ onílẹ̀ kò ní ẹni tó máa bá jà. Ní oṣù Kìíní 2025, Instagram yí ojú ìwé ẹni padà láti onígun mẹ́rin dọ́gba sí gíga, 3 sí 4. Àwọn tó ti fọgbọ́n to fótò wọn bíi táìlì, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan, jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n rí i pé wọ́n ti gé eteetí ọ̀rọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó tó ń bọ̀ ti ń wá yín. Ó ti pa ojú ìwé yín mọ́, ó ti fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti wo ẹni tó ṣe mákọ́ọ̀pù nínú fótò yín, kó tó kọ "ẹ káàárọ̀" sí yín. Fún oníbàárà ìdílé, Instagram ni wíńdò, WhatsApp Business ni ṣọ́ọ̀bù. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni ọjọ́ orí. Àwọn ìyá wa kì í sí lórí Instagram púpọ̀, ṣùgbọ́n sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, wọ́n ń wò ó tán pátá kí wọ́n tó sùn. Fọtógíráfà tó ń gbé fótò ìyá arúgbó tó wọ aṣọ òkè sí sítétọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Àìkú á rí iṣẹ́ ọjọ́ ìbí gbà ju ẹni tó ń gbé ìyàwó nìkan síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé WhatsApp ń fún fótò pọ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àmì fótò lásán ránṣẹ́, ohun tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ti dín kù sí ohun tí ẹ yà. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, á dé bó ṣe wà. Fáìlì tó tó 2GB ló ń gbà.

Ojú òpó tiyín ńkọ́? Fún ìdílé, ipò kẹta ló wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan owó yín lórí rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ ló ń yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀gá tó ń ra iṣẹ́ fún báǹkì ní láti fi yín han ọ̀gá mìíràn, kò sì lè fi ojú ìwé tí fótò ọmọ yín àti àwàdà wà nínú rẹ̀ hàn án. Ojú ìwé mẹ́rin tó: iṣẹ́ yín, ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí iye owó ti bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe lè rí yín. Ímeèlì tó ní orúkọ ojú òpó yín lẹ́yìn, dípò ti Gmail, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ fún fótò ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kí ẹni tó ń fi dátà wò ó lórí fóònù má baà sá. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí owó ọdọọdún máa pé sí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó gbàgbé, àdírẹ́sì rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí ni ẹ ó fi hàn?

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ fọtógíráfà jiyàn jù lọ rèé. Oríṣi fótò méjì ló wà tí a lè fi polówó ara wa. Ọ̀kan ni èyí tí a tò: a pe arẹwà kan, a pe oní-mákọ́ọ̀pù, a lọ sí etíkun ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn rọ̀, gbogbo nǹkan dára. Èkejì ni èyí tí a yà lójú òde gidi. Ti àkọ́kọ́ ń fi ojú inú yín hàn, ìwé ìròyìn àti aránṣọ ló ń rà á. Ìyá ìyàwó kò ra ojú inú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè yà òun nínú gbọ̀ngàn.

Ẹ sì mọ gbọ̀ngàn. Iná LED aláwọ̀ elése àlùkò ń tàn láti ìsàlẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ìyá, ó sọ awọ ara tó dúdú dáadáa di nǹkan tó dà bí ẹni tí wọ́n nà. Òróró ń dán níwájú orí. DJ ti tú èéfín. Ẹnì kan na ọwọ́ owó kọjá níwájú lẹ́ńsì, ṣóńṣó gèlè sì ti yọ kúrò nínú fótò. Fọtógíráfà tó lè gbé fótò kan jáde níbẹ̀, tí awọ ìyá náà rí bó ṣe rí lójú, tí gèlè pé, tí owó tí wọ́n ń ná sì hàn nínú afẹ́fẹ́, kó fi fótò yẹn síwájú gbogbo èyí tó yà létíkun. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí á mọ ohun tó ń wò.

Àgbà àti ọ̀dọ́ kì í fẹ́ irú fótò kan náà. Ọ̀dọ́ fẹ́ ìdajì ara, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bàìbàì. Bàbá tó jókòó nínú agbádá, tó ti tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún, tó mú irùkẹ̀rẹ̀ dání, á wo fótò yín, á ní: "Ẹsẹ̀ mi dà?" Bàtà náà wà lára ìmúra, àga náà wà lára ìmúra. Tí ẹ bá gé ẹsẹ̀ kúrò, lójú rẹ̀, ẹ ti gé e kù. Nítorí náà, nínú àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ń fi han ìdílé, ẹ fi fótò àgbà tó pé láti fìlà dé bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀dọ́. Ìyá tó bá rí i á mọ̀ pé ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà láìtíì bá a sọ̀rọ̀.

Lórí iye, ogún fótò tó dára ju igba lọ fún ẹni tó kọ́kọ́ ń wò yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jókòó pẹ̀lú ìdílé, ẹ ní òde kan lọ́wọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, látìgbà tí wọ́n ń wé gèlè títí dé ìgbà tí wọ́n ń kó àga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i pé ẹ kì í sùn lẹ́yìn oúnjẹ.

"Ẹ kọ̀wé sí wa fún iye owó" tàbí iye tó hàn gbangba?

Àwọn tó ń fi iye owó pamọ́ ní ìdí: kí fọtógíráfà mìíràn má baà dá iye tó kéré sí tiwọn, kí wọ́n sì lè wo ojú oníbàárà kí wọ́n tó dárúkọ iye. Oníbàárà náà mọ ìdí yẹn. Ó ti gbà pé ojú òun lẹ fẹ́ wò, á sì kọjá lọ. Kíkọ gbogbo iye síta ń lé àwọn tó fẹ́ ohun àrà ọ̀tọ̀. Ohun tí mo fara mọ́ wà láàárín: "Ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ láti orí iye báyìí." Ó ń yọ àwọn tí owó wọn kò tó sẹ́yìn láìdójú ti ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé iye owó ojú ewé kan tàbí méjì sílẹ̀ ní PDF, tó fi ohun tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan hàn, iye àsansílẹ̀, àti ọjọ́ tí fótò máa délẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí iye náà máa parí sí sísàlẹ̀ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ sọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí ilé ìtẹ̀fótò ń gbà kì í dúró lójú kan, torí òkè òkun ni bébà àti yíǹkì ti ń wá.

Ṣé kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ni, àbí kí ẹ pè wọ́n, àbí kí ẹ lọ rí wọn? Ọ̀dọ́ kò fẹ́ kí ẹ pè é. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Fún owó ńlá, ẹ lọ; ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdúnàádúrà á wáyé, ẹ má bínú sí i:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè."

"Ọmọ mi, mo ti rí ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Èélòó ni jálẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ló wà nílẹ̀ fún fótò?"

Ìyá dárúkọ iye kan tó kéré.

"Ó dáa mà. Owó yẹn á gba gbogbo ọjọ́ náà, látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n a ó yọ fótò búùkù ńlá, a ó fi kékeré rọ́pò rẹ̀ fún yín. Bẹ́ ẹ bá padà fẹ́ ńlá, ẹ lè san tiẹ̀ lẹ́yìn òde."

Ohun tó wà nínú iṣẹ́ ló dín kù, iye owó ohun kọ̀ọ̀kan kò yí. Ẹni tó bá kàn já owó lulẹ̀ láìyọ nǹkan kan ti sọ fún ìyá náà pé irọ́ ni iye àkọ́kọ́.

Ti ilé iṣẹ́ kò gba èyí. Ìwé tó ní nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ òwò, nọ́ńbà TIN (nọ́ńbà ẹni tó ń san owó orí) àti àkáǹtì ni wọ́n fẹ́. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọn á yọ owó orí nínú rẹ̀ kí wọ́n tó san, kí ẹ lè ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.

Orúkọ lára fótò

Kí ẹ kọ orúkọ gàdàgbà sáàárín fótò ń ba fótò jẹ́, ẹni tó fẹ́ jí i sì lè pa á rẹ́. Kí ẹ má kọ nǹkan kan tún ń jẹ́ kí fótò yín rìn kiri láìní bàbá. Orúkọ kékeré ní igun, sórí ẹ̀dà tí ẹ fi polówó nìkan, ti tó. Ẹ̀dà tí oníbàárà sanwó fún, ẹ jẹ́ kó mọ́. Kámẹ́rà Canon, Nikon àti Sony ní ibi tí ẹ ti lè tẹ orúkọ yín sí nínú mẹ́nù, kó máa wọ inú fáìlì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú òpó àwùjọ ń yọ ọ́ dànù, ṣùgbọ́n fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín á ṣì máa jẹ́rìí.

Fífa fótò lé wọn lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ fọtógíráfà ń náwó sórí lógò, sórí káàdì, sórí T-shirt, wọ́n á wá fi líǹkì Google Drive gbígbẹ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ keje pẹ̀lú "Good day ma, find attached". Oníbàárà ti ń retí látìgbà yẹn. Ohun tó máa fi han ènìyàn ni ohun tí ẹ fún un, ẹni tó bá fi hàn ni oníbàárà yín tó ń bọ̀.

| Ọ̀nà | Ohun tó dára níbẹ̀ | Ohun tó kù díẹ̀ káàtó |
|---|---|---|
| Google Drive | Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n; 15GB jẹ́ ọ̀fẹ́ | Ààyè yẹn kan náà ni Gmail yín ń jẹ; kò fi ẹni tí ẹ jẹ́ hàn |
| Gáláárì orí ayélujára, bíi Pixieset | Orúkọ yín ló kọ́kọ́ hàn. Oníbàárà lè sàmì sí èyí tó fẹ́ | Ààyè ọ̀fẹ́ kéré. Dọ́là ni owó rẹ̀ |
| Fúláàṣì | Kò gba dátà | Ó ń sọnù. Ẹni tó ní fóònù nìkan lè má rí ibi tó máa fi í sí |
| Fótò búùkù | Ó wà lórí tábìlì, gbogbo àlejò ń ṣí i | Owó ńlá. Ó ń gba ọjọ́. Àṣìṣe inú rẹ̀ kò ṣe é pa rẹ́ |

Ẹ ṣírò rẹ̀. Fótò 500 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8MB ti di 4GB. Drive ọ̀fẹ́ kan kò ní gba òde mẹ́rin. Bí ẹ bá sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí ti tuntun lè wọlé, ìyàwó àkọ́kọ́ á pè yín lọ́dún tó ń bọ̀ pé líǹkì òun kò ṣí mọ́. Ẹ sọ fún wọn nínú ìwé àdéhùn pé ìgbà báyìí ni líǹkì máa dúró dà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì: ńlá fún títẹ̀, àti kékeré tí ìbú tàbí gíga rẹ̀ kò ju 2048 píkísẹ́lì lọ fún fóònù. Ẹ̀dà kékeré yẹn ló ń mú inú oníbàárà dùn jù, torí òun ló lè fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyára ju ẹwà líǹkì lọ. Lálẹ́ Sátidé, àwọn àǹtí ti fi fóònù ya òde náà, wọ́n ti gbé e síta. Bí fótò mẹ́wàá dáradára láti ọwọ́ yín bá dé kó tó di alẹ́ Àìkú, òun ni gbogbo ìdílé máa lò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òde mìíràn ti wọlé, aṣọ ẹbí mìíràn ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.

Ẹ rántí ọmọ Houston àti ìyá Ìjẹ̀bú-Òde. Fún ọmọ, gáláárì tó dára, tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tó lè fi han àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Fún ìyá, nǹkan tó ṣe é gbé dání. Àwọn tó ń tẹ fótò lẹ́nu géètì mọ èyí jù wá lọ. A máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá àgbà tó ra fótò ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ó tó wọ mọ́tò: ó ti fi sínú báàgì, á fi han ẹni tó jókòó tì í títí délé. Tiwa ṣì wà nínú kámẹ́rà. Bí owó oníbàárà kò bá gba fótò búùkù, ẹ tẹ fótò mẹ́wàá ní 4 x 6, ẹ fi sínú ápò bébà tó ní orúkọ yín, ẹ kó o fún ìyá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò wọ́n. N kò tíì rí ojú òpó tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Bó bá jẹ́ fótò búùkù, ẹ fi bí ojú ewé ṣe máa rí ránṣẹ́ ní PDF kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bẹ ìyá pé kó ka àwọn ẹbí. Á rí i pé ẹ kò fi ẹ̀gbọ́n bàbá sí i, ìjà ńlá nìyẹn ìbá jẹ́. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé dáadáa. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ẹlẹ́wà tí ilé ìtẹ̀wé ń lò kò ní àmì ìsàlẹ̀: ẹ kọ Ọláṣùbọ̀mí, Ọ àti ṣ á jáde ní irú lẹ́tà mìíràn, tàbí kí àpótí kékeré jókòó sáàárín orúkọ ìyàwó lórí awọ tí wọ́n fi wúrà tẹ̀. Ẹ dán orúkọ náà wò lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yan irú lẹ́tà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Aṣọ àti ìkíni

T-shirt dúdú tó ní lógò lẹ́yìn dára fún ilé iṣẹ́ àti ibi orin. Níbi ìdána, mo fẹ́ kí ẹ wọ ìbílẹ̀ tó mọ́, tí kò ní bá aṣọ ẹbí jà. Ẹ kàn jẹ́ kí ṣòkòtò dúdú, torí ẹ ó dọ̀bálẹ̀ ju ọkọ ìyàwó lọ láti yà á dáadáa. Ẹ kí alága ìdúró àti alága ìjókòó kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ló ń darí ibẹ̀. Alága tó mọ̀ yín á ní "ẹ dúró, kí fọtógíráfà wa rí i", ẹni tí kò kí wọn ni wọ́n á lé kúrò níwájú lójú gbogbo ènìyàn.

Gbígbé wọn síta tàbí pípa wọ́n mọ́

Gbogbo ọ̀nà ìpolówó tí mo kà sókè yìí dúró lé fótò ojú ẹlòmíràn. Òfin ìdáàbòbo dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ń dáàbò bo ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, ojú sì wà lára rẹ̀. Pé ẹ̀yin lẹ ya fótò kò túmọ̀ sí pé ẹ lè gbé ojú oníbàárà síta bó ṣe wù yín. Àwọn kan ń béèrè lẹ́nu, àwọn kan ń kọ gbólóhùn kékeré sísàlẹ̀ ìwé àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò kà. Èyí tó dára jù ni kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì:

*Mo gbà kí fọtógíráfà lo fótò wa ní: Instagram àti WhatsApp rẹ̀ ☐ ojú òpó rẹ̀ ☐ àkójọ tó ń fi han ènìyàn lójúkojú nìkan ☐ kò sí ibì kankan ☐*

Ẹ má bá wọn sàmì sí ìkankan ṣáájú. Fótò ọmọdé gba ìfọwọ́sí òbí lọ́tọ̀. Àwọn kan ń gba owó lé e lọ́wọ́ ẹni tó ní kí wọ́n má gbé e síta. Kò burú, bó bá ti wà nínú ìwé iye owó láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́yìn òde ń wá wàhálà. Fún ẹni tó sì gbà, ẹ fi ọjọ́ kan kún un: ìyàwó ló máa kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ síta, tiyín á tẹ̀ lé e.